Nọ́ńbà Méje Tí N Kò Fún Múfútàù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo máa ń wọ inú odò, mo máa ń wọn bí omi ṣe ń yára tó kó tó wọ ẹnu afárá tàbí ẹnu ìdídò, mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó máa kọ́ nǹkan náà. Àwọn kan nínú yín ti sọ fún mi pé iṣẹ́ tútù ni, pé kò lè bá ènìyàn jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ èyí. Owú ni mo fẹ́ sọ fún yín jù. Owú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí sẹ́wọ̀n.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ní ìwé BEPC, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìṣirò tó sì lè gbé ní agbègbè Kétu, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kéré, ó sì máa ń pẹ́, ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀. Ayé ìjọba kámáráàdì la wà nígbà náà, tí wọ́n ní gbogbo ènìyàn dọ́gba. Bùrò ìjọba kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ́fíìsì, ní oko àgbàdo tirẹ̀, a sì máa ń fi bírò àti ìwé sílẹ̀ lọ roko ní ọjọ́ tí wọ́n bá yàn fún wa.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Ìdòwú. Ọmọ Kétu ni, ó tín-ín-rín, ó ti ń wọn odò láti ìgbà tí àwọn Faransé ṣì wà ńbẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń pe ara wọn ní kámáráàdì, òun nìkan ni kò gbà.

“Ọ̀gá ni kí ẹ máa pè mí,” ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí lèmi yóò máa pè ní kámáráàdì.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ “Kámáráàdì, máa bọ̀,” màá ti máa wá ohun tí mo ṣe kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ó kan ọ̀pá méjì mọ́ etí odò ní Ìdìgní, mítà mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ó gbé àpò ṣùkù àgbàdo kan fún mi, pẹ̀lú aago kékeré tí à ń pè ní kùrónò, èyí tí ènìyàn lè tẹ̀ kó dúró. Màá ju ṣùkù sí apá òsì odò, màá ka ìṣẹ́jú-àáyá tó fi dé ọ̀pá kejì. Màá ju òmíràn sí àárín, màá ju òmíràn sí ọ̀tún. Tó bá di ọ̀sán, màá tún bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé ewé gbígbẹ kò lè ṣe é ni?”

“Ewé wà lójú omi pátápátá, atẹ́gùn á máa tì í. Ìdajì ara ṣùkù máa ń rì. Omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé e. Ju òmíràn.”

Lókè díẹ̀ sí ibi tí mo dúró, ní apá òsì odò, ni àwọn obìnrin Ìdìgní ti máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa fi ṣe láfún. Wọ́n máa ń dì í sínú àpò, wọ́n á so àwọn àpò náà mọ́ ọ̀pá tí wọ́n gbìn sínú omi, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá Tóyìn ni àgbà wọn. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣòkòtò tí mo fi ń wọ odò sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

“Obìnrin oníṣòkòtò! Kí ló sọnù sínú odò yìí tí o kò tíì rí?”

“Mo ń wo bí omi ṣe ń yára tó ni, Ìyá.”

“Ìjọba ló rán ọ?”

“Ìjọba ni.”

“Ẹ gbọ́ o! Ìjọba fẹ́ mọ bí omi ṣe ń yára, títì tí wọ́n ní àwọn máa ṣe fún wa láti ọdún mẹ́fà kò tíì kúrò lójú kan!”

Gbogbo wọn á pariwo ẹ̀rín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá á sì wò mí bíi pé mo ti pàdánù ṣùkù kan.

Ní oṣù kẹta, ó ní kí n dúró sínú omi kí n pa ojú dé. “Níbo ni omi ti le jù?” Ojúgun mi ni kí n fi dáhùn, kì í ṣe ojú. Mo ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí mo gbà á ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún tẹ̀ lé ara wọn, ó ṣí àpótí kan, ó mú ẹ̀rọ mulinẹ́ jáde. Ọ̀pá irin ni, tí abẹ́bẹ̀ kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀. Omi á máa yí abẹ́bẹ̀ náà, agogo á dún nígbàkúùgbà tó bá yí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ibi méje la máa ń rì í sí, láti òsì odò dé ọ̀tún, nítorí omi kì í yára bákan náà níbi gbogbo. Ó máa ń lọ́ra létí, ó máa ń lọ́ra nísàlẹ̀, ó lè rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí nǹkan kan bá tì í.

Nọ́ńbà méje náà la máa ń kọ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ wa. Lẹ́yìn wọn ni ààyè kan wà tí wọ́n kọ “Àkíyèsí” sí lókè. Ààyè yìí ni Ọ̀gá fi fìyà jẹ mí jù. Lọ́jọ́ kan mo kọ nọ́ńbà méje, mo fi ààyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ó gbé kàyé sókè.

“Kámáráàdì, kí ni omi ń ṣe nígbà tí ò ń wọ̀n ọ́n?”

“Ó ń ṣàn, Ọ̀gá.”

“Kí ló dé tí nọ́ńbà kẹta fi kéré sí ìkejì?”

N kò mọ̀. Kìlómítà mẹ́sàn-án ni mo fi ẹsẹ̀ rìn padà sí odò lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti lọ wo igi kan tó wó sínú omi. Láti ọjọ́ yẹn, ààyè náà kò ṣófo mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kan. N óò dé ibẹ̀.

Lọ́dún kẹrin ni mo bí Àìná. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bó ṣe wá fún yín: ìwọ́ yí i lọ́rùn, ó ti dúdú kó tó ké. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọmọ yìí kò ti kúrò lára mi. Mo máa ń fi kùrónò bùrò ka èémí rẹ̀ tó bá ń sùn lọ́sàn-án. Bó bá dín méjì sí ti àná, màá jí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọmọ náà máa di ọlọ́pàá nítorí kò mọ ohun tí à ń pè ní oorun.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Múfútàù dé. Ọmọ oníṣòwò Mùsùlùmí láti Àjàṣẹ́ ni, ó ní ìwé bákì, ìwé ẹ̀rí àṣeparí girama, nínú ìmọ̀ ìṣirò, ó kéré sí mi ní ọdún mẹ́ta. Ó wọ bàtà aláwọ dúdú tó ń dán wá sí etí odò. Ó jókòó sórí òkúta, ó ṣí agbòjò, ó sì ń ṣírò nọ́ńbà bí mo ṣe ń pè é láti inú omi. Kó tó di pé mo rì mulinẹ́ sí ibi kejì, ó ti ṣírò ibi kìíní tán. Ọ̀gá Ìdòwú, tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn lórí ìṣirò, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni Ọ̀gá máa ń bi ní ìbéèrè tẹ́lẹ̀. Mo dúró sínú omi títí dé orókùn, mo ń wo àwọn méjèèjì lókè, ohun kan gbóná láyà mi. N kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé ebi ni.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, kò ṣe mí ní nǹkan kan. “Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Àìná,” “Ẹ rọra o, ibẹ̀ ń yọ̀,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ. Lọ́dún kan ó mú ìlédìí ọmọdé wá fún Àìná láti ọjà Àjàṣẹ́. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì fi sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé bùrò ńlá ní Kùtọnù ti gba ẹ̀rọ ọ̀dínatọ̀, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ètò kan wà nínú rẹ̀ tó lè fi hàn bí omi ṣe máa ṣàn nínú afárá kí wọ́n tó gbé sìmẹ́ǹtì wá rárá. Wọ́n fẹ́ ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa, tó máa lọ kọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà, ohun tí à ń pè ní sítáájì.

Èmi ni Ọ̀gá kọ́kọ́ pè. Mo ní kí n kọ ọ́ síbí, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kò pè mí.

“Ìyá Àìná, oṣù mẹ́fà ni, ní Kùtọnù. Ṣé wàá lọ?”

Ibà ń ṣe Àìná lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.”

Lọ́jọ́ kejì, ibà náà lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń ro ẹ̀fọn Kùtọnù, mo ń ro ọ̀sà, mo ń ro ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì, mo ń ro ẹni tó máa wo ọmọ tí mo bá wà níwájú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé bùrò láti sọ pé màá lọ. Orúkọ Múfútàù ti lọ pẹ̀lú ọkọ̀ àárọ̀.

“Ọjọ́ mẹ́ta lo tọrọ, kámáráàdì,” ni Ọ̀gá wí. “Òní ni ìkẹrin.”

Ohun tó yẹ kí n bínú sí ni ẹ̀rù tó wà nínú mi. Ṣùgbọ́n Múfútàù ni mo bínú sí. Oṣù mẹ́fà náà, bí mo bá wọ odò, mo máa ń rí i lọ́kàn mi lórí àga tó ń yí, nínú yàrá tútù, tí ó ń fi ìka kan tẹ ohun tí èmi fi ẹsẹ̀ méjèèjì wá.

Nígbà tó padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bíi pé èmi ló yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ fún. Ó ya odò sórí ìwé, ó fi ìlà pín in sí àwọn àpótí kéékèèké.

“Ẹ wò ó, Ìyá Àìná. Ẹ̀rọ náà máa ń ṣírò omi láti àpótí kan sí èkejì. Àpótí yìí ń gba omi lọ́wọ́ èyí, èyí ń gbà lọ́wọ́ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ẹnu àbáwọlé yìí, kò sí àpótí kankan lẹ́yìn wọn.”

“Lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti ń gbà?”

“Lọ́wọ́ yín!” Ó rẹ́rìn-ín. “Àwa la máa sọ fún un bí omi ṣe ń yára tó níbẹ̀. Tí a bá ṣì í sọ, gbogbo ohun tó bá ṣírò láti ibẹ̀ lọ, àṣìṣe ni, ó sì máa dára lójú.”

“Nọ́ńbà mélòó ló ń gbà?”

“Fọ́ọ̀mù bi wá ní ẹyọ kan, ìyẹn àpapọ̀ tí a pín dọ́gba. Ṣùgbọ́n tí omi bá rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo lè fi méje sí i, kálukú ní àyè tirẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún mi.”

Ẹ ṣáà sọ fún mi. Ó sọ ọ́ kedere. Mo gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pinnu láti kọ́ afárá sìmẹ́ǹtì sí odò Ìdìgní, ní ibi tí igi gẹdú méjì wà tẹ́lẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà yẹn mo ti kó lọ sí Ìdìgní, Àìná sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní òdìkejì odò. Ẹ lè rò ó bí inú mi ṣe dùn tó pé igi gẹdú náà máa lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń dúró létí odò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀ lódìkejì.

Fọ́ọ̀mù dé. Mo wọ odò, mo wọn ibi méje. Nọ́ńbà wọn ṣì wà lórí mi, sẹ̀ǹtímítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, láti òsì sí ọ̀tún: 8, 15, 28, 41, 55, 70, 77. Ẹ ò nílò bákì láti rí ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn àpò ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pá àwọn obìnrin, ní apá òsì lókè, ti ti omi sí ọ̀tún. Ẹnu afárá náà yóò gba omi ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, omi náà yóò sì máa fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri apá ọ̀tún. Mo pín in dọ́gba, ó jẹ́ 42. Mo kọ 42 sínú fọ́ọ̀mù. Nínú kàyé mi mo kọ méje náà, mo sì fi ààyè “Àkíyèsí” sílẹ̀ lófìfo.

Ọ̀gá Ìdòwú wà ní ilé ìwòsàn nígbà náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Kò sí ẹni tó máa gbé kàyé sókè.

Múfútàù wá gba fọ́ọ̀mù. Ó wo nọ́ńbà náà.

“Ìyá Àìná, ṣé ohun mìíràn wà tó yẹ kí n mọ̀ nípa omi yìí?”

“Ohun tí fọ́ọ̀mù yín bi mí ni mo kọ.”

“Ó dọ́gba, àbí?”

“Ṣé 42 kò pé ni? Ìwọ tí o lọ sí sítáájì.”

Ó ká fọ́ọ̀mù náà. Ó ní, “Ẹ ṣé o, Ìyá Àìná,” ó sì lọ. Mo sọ fún ara mi pé n kò parọ́. Òtítọ́ sì ni, 42 pé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ̀rọ rẹ̀ tàsé díẹ̀, kí Ọ̀gá wá padà kó rí i, kó sọ pé, “Ẹ lọ pe Ìyá Àìná.” Àṣìṣe lórí ìwé ni mo ń rò. N kò ro sìmẹ́ǹtì.

Wọ́n kọ́ afárá náà nígbà ẹ̀rùn. Nítorí ẹ̀rọ sọ pé omi rọra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri méjèèjì bákan náà, òkúta díẹ̀ ni wọ́n tò sí ìdí ògiri ọ̀tún. Mo rí i. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e mì. Òjò ọdún àkọ́kọ́ kéré, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì gbà pé bóyá èmi gan-an ló tàsé.

Òjò ọdún kejì pọ̀. Lọ́jọ́ kan, Àìná ti kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo sọ̀kalẹ̀ láti wọn omi ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo rì ọ̀pá sí apá ọ̀tún ẹnu afárá, ibi tó máa ń jìn ní sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta. Ọ̀pá náà lọ, kò kan ilẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ìdí ògiri, ọwọ́ mi wọlé títí dé èjìká. Abẹ́ títì ti ṣófo. Omi ń yí nínú ibẹ̀, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ jáde. Mo gbé ojú sókè: ilẹ̀ pupa tí wọ́n tẹ̀ sórí afárá náà mọ́ tónítóní, obìnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀.

Aago méjìlá ni ọmọ máa ń jáde nílé ẹ̀kọ́.

Bí mo ṣe sáré gun òkè n kò lè sọ. Mo dúró láàárín títì, mo ń ké. Kámíọ̀n kan tó kó àgbàdo ń bọ̀ láti apá Kétu. Awakọ̀ náà tẹ fèrè, nígbà tó rí i pé n kò kúrò, ó dúró.

“Màmá, ṣé ẹ̀mí yín ló sú yín ni?”

“Má kọjá. Abẹ́ ọ̀nà ti ṣófo.”

“Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lésìí? Níbo ni ìwé yín wà?”

“Kò sí ìwé. Èmi ni mo wọn omi yìí!”

“Ẹ wá kúrò kí n lọ wọn àgbàdo mi.”

Ìyá Tóyìn àti àwọn obìnrin rẹ̀ gbọ́ ariwo wa láti odò. N kò tíì ṣàlàyé tán tí ìyá náà fi yíjú sí àwọn yòókù. “Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ wá!” Wọ́n gbé àpò ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta jáde nínú omi, wọ́n tò ó sí ojú títì láti etí kan dé èkejì. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Awakọ̀ fi aṣọ bo imú.

“Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ fẹ́ dá ọjà sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Ìyá Tóyìn wí. “Sọ̀kalẹ̀ wá rà.”

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó ń bú wa bọ̀, ó fẹ́ ti àpò kan dànù, nígbà tí ohun kan dún nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ẹrù wó nínú àká. Etí ọ̀tún títì rọra wọlé, lẹ́yìn náà ni ìdajì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Omi pupa fò sókè. Awakọ̀ náà jókòó sílẹ̀ sórí àpò ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ tì dànù.

Nígbà tí ọmọ jáde nílé ẹ̀kọ́, wọ́n tò sí òdìkejì, wọ́n ń wo ihò náà. Mo rí Àìná láàárín wọn, ó ń juwọ́ sí mi. Lókè, níbi tí omi kò jìn, la ti gbé wọn kọjá lẹ́yìn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń sáré nínú omi pẹ̀lú Àìná tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Tóyìn fi gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ó ní màá jù ú sómi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ kan dé láti ìlú. Ọkùnrin mẹ́ta ni. Wọ́n jókòó sínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pe gbogbo wa. Ọ̀gá Ìdòwú ti padà tipẹ́, ó wọ awò dúdú, ojú rẹ̀ kò sì lè kàwé mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn ni sàbòtájì, pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan ìjọba jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ayé nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: wọ́n lè tìtorí ọ̀rọ̀ yìí wá mú ènìyàn nílé, kí ìyàwó rẹ̀ má mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ.

Múfútàù dìde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rọ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ kò dán lọ́jọ́ náà.

“Ta ló ní kí o fi omi tó dọ́gba sí ẹnu afárá?” ni olórí wọn bi í.

“Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi ni mo fi sí i.”

“Ta ló fún ọ?”

Ó yíjú, ó wò mí. Ó wo Àìná tó dúró ní fèrèsé pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù. Ó ní, “Bùrò wa ló fún mi. Èmi ló yẹ kí n wá wo odò, n kò wá.”

Ẹ gbọ́ ohun tó wọ ọkàn mi, kí ẹ mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo rí i pé ó ti parí. Wọ́n á mú un lọ, n óò sì lọ jókòó sí ibi ẹ̀rọ náà ní Kùtọnù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n á mú, ta ló máa wo Àìná? Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ó mọ̀. Ó mọ̀ pé mo fi nǹkan pamọ́, ó sì tún fi ara rẹ̀ bò mí. Mo ti ń jowú ọpọlọ rẹ̀ láti ọdún tó ti dé. Bí ó ṣe dúró níbẹ̀, mo rí i pé ọkàn rẹ̀ náà sàn ju tèmi lọ, n kò sì lè fara dà á.

Mo dìde. Mo ní, “Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Kàyé rèé.”

Ọ̀gá Ìdòwú kò yíjú. “Kà á.”

“8, 15, 28, 41, 55, 70, 77.”

“Àkíyèsí?”

“Òfìfo ni, Ọ̀gá.”

“Kí ni omi ń ṣe nígbà tí ò ń wọ̀n ọ́n?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀: àpò ẹ̀gẹ́, ọ̀pá, bí omi ṣe rọ́ sí ọ̀tún, ohun tí Múfútàù bi mí àti ohun tí mo dá a lóhùn. Ìyá Tóyìn yọ orí láti fèrèsé.

“Ṣé ẹ̀gẹ́ wa ló wó afárá ìjọba ni?”

“Rárá, Ìyá. Ẹ̀gẹ́ yín ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Èmi ni n kò kọ ọ́.”

“Kí ló dé?” ni olórí ìgbìmọ̀ bi mí. “Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi. Mò ń jowú ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì pa á rẹ́. Bóyá kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ọ̀gá bá wọn sọ̀rọ̀ níta fún wákàtí kan, ni wọ́n bá yí sàbòtájì padà sí àìbìkítà. Èmi àti Ọ̀gá mọ̀ pé kì í ṣe àìbìkítà. Wọ́n dá mi padà sí ipò tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ẹlòmíràn ló ń di kàyé mú. Ọ̀gá kò pè mí ní kámáráàdì mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sì pè mí ní Ìyá Àìná. “Ẹ kú iṣẹ́” nìkan ló kù láàárín wa.

Múfútàù lọ sí òkè òkun fún ọdún méjì, ó sì padà di olórí wa. Fọ́ọ̀mù tuntun tó ṣe, àpótí méje ló wà ní ẹnu àbáwọlé, lábẹ́ wọn ni ìlà gígùn kan wà fún ohun tí ẹni tó wọ odò bá rí. Nígbà tí ìjọba kámáráàdì parí, tí ẹ̀rọ sì pọ̀ sí i, òun ló kọ́ mi ní ọ̀dínatọ̀, ní Kùtọnù tí mo bẹ̀rù. Mo jókòó sórí àga tó ń yí. Mo tẹ nọ́ńbà sí ẹnu odò fúnra mi, mo rí àwọn ìlà aláwọ̀ tó ń sáré gba inú afárá kọjá. Ó dùn tó bí mo ṣe rò. Lónìí, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló ń gbé ẹ̀rọ kọjá lórí odò, ẹ̀rọ náà ń rán ìró sínú omi, ó fi ń wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rin. Tí ẹ bá yan iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ náà lẹ máa lò. Kò ní bi yín bóyá inú yín dùn sí ẹni tí ẹ ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí. Ẹ bi ara yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe ìpàdé kékeré fún mi níwájú bùrò. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń lọ, Múfútàù dúró tì mí. Irun rẹ̀ ti funfun.

“Ìyá Àìná, ohun kan wà tí mo ti fẹ́ bi yín tipẹ́. Ká ní ọmọ yín kò máa gba ọ̀nà yẹn lọ sílé ẹ̀kọ́, ṣé ẹ̀ bá dìde níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà?”

Mo wá ìdáhùn tó dára. Mo ti ní ọ̀pọ̀ ọdún láti wá a.

“N kò mọ̀, Múfútàù.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Lẹ́yìn náà ó rí i pé oòrùn ti dé ibi tí mo dúró sí, ó wọlé lọ gbé àga tirẹ̀ wá, ó gbé e sábẹ́ igi fún mi. Mo jókòó lórí rẹ̀, mo ṣì ń jowú Múfútàù.